Ẹ Wọn Díìsì Kí Ẹ Tó Ra Páàdì: Bí A Ṣe Ń Yan Bíréèkì fún Ọkọ̀ Ojoojúmọ́ ní Àbújá

Bí ẹ bá wọ ọjà Apo tàbí Zuba láti ra páàdì bíréèkì, ìbéèrè méjì ni ọlọ́jà sábà máa ń bi yín: ọkọ̀ wo ni, ọdún wo ni? Ẹ dáhùn tán, páàlí bọ́ sórí pẹpẹ, ẹ ná an, ẹ sanwó, mẹ́káníìkì sì dè é mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Kò ní pẹ́ tí bíréèkì á fi bẹ̀rẹ̀ sí í han, tàbí kí sítíárìn máa gbọ̀n lọ́wọ́ yín bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà Kubwa. Gbogbo ènìyàn á ní páàdì ayédèrú ni. Nígbà mìíràn, ayédèrú ni lóòótọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, díìsì tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀n ló wà nídìí ọ̀rọ̀.

Páàdì kì í dá ọkọ̀ dúró lóun nìkan. Kálípà ló ń fi páàdì méjì há díìsì láàárín, ìhá yẹn ló ń sọ eré ọkọ̀ di ooru, díìsì ló sì ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ooru náà tó fi ń tú u sáfẹ́fẹ́. Díìsì tó ti jẹ, tó ti fẹ́lẹ́, kò lè gbé ooru yẹn mọ́, kò sí páàdì tó wọ́n tó tó lè bá a gbé e. Nítorí náà, ìdí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yín ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọjà ṣì ń bọ̀ níwájú.

Ohun tí ọkọ̀ máa ń fi hàn

Ohùn tín-ín-rín tó ń han bí ọkọ̀ ṣe ń rìn, tó sì ń yí padà bí ẹ bá tẹ bíréèkì, sábà máa ń wá láti ara ahọ́n irin kékeré tí wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ páàdì. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an nìyẹn: bí ara páàdì bá ti kù bíi mílímítà 2 sí 3, ahọ́n náà á kan díìsì, á sì máa pariwo. Tó bá wá di pé irin ń ha irin gàràgàrà, ọ̀rọ̀ ti kọjá ìkìlọ̀. Páàdì ti tán, irin ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń jẹ díìsì, ẹ máa ka díìsì náà mọ́ ohun tí ẹ fẹ́ rà.

Bí sítíárìn tàbí pẹ́dà bá ń gbọ̀n nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì lórí eré, ẹ fura sí díìsì tí sísanra rẹ̀ kò dọ́gba yípo. Bí ọkọ̀ bá ń fà sí apá kan, kálípà kan ti há, tàbí họ́ọ̀sì bíréèkì kan ti dí. Bí pẹ́dà bá rọ̀ bẹ̀jẹ̀bẹ̀jẹ̀ tàbí tó ń wọlẹ̀, afẹ́fẹ́ ti wọ ọ́ tàbí ọ́ìlì ń jò níbì kan. Páàdì tuntun kò lè wo méjèèjì tó kẹ́yìn yìí sàn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín nítorí wọn.

Ẹ kíyè sí ike ọ́ìlì bíréèkì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú. Bí páàdì bá ṣe ń jẹ ni písítìn inú kálípà ń jáde, ọ́ìlì á sì máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ike. Èyí kì í ṣe àìsàn. Ẹni tó bá ń bù ú kún nígbà gbogbo láì yẹ páàdì wò ti fi ìkìlọ̀ kan pamọ́ fún ara rẹ̀ nìyẹn, ọ́ìlì náà á sì ṣàn jáde lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti písítìn padà, á bó ọ̀dà ara ọkọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá lọ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ń jò. Ẹ má wa ọkọ̀ náà títí ẹ ó fi rí ibi tó ti ń jò.

Ẹ tú ẹsẹ̀ kan, kí ẹ wọ̀n ọ́n

Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí ẹ gbé ọkọ̀ sí. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹ fi òkúta tàbí igi dí táyà ẹ̀yìn. Ẹ dẹ àwọn nọ́ọ̀tì díẹ̀ nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ tó gbé jáàkì sí i, kí ẹ sì fi irin ìdúró sábẹ́ ọkọ̀. Jáàkì nìkan kò tó láti fi ẹ̀mí ẹni tì.

Bí táyà bá ti kúrò, páàdì ìta ni ojú kọ́kọ́ ń rí, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tó ń kánjú máa ń parí àyẹ̀wò sí. Ẹ tẹ̀ síwájú, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo páàdì inú láti ojú ihò orí kálípà. Lọ́pọ̀ ọkọ̀ tí kálípà rẹ̀ ń rá lórí píìnì méjì, páàdì inú ló máa ń tètè tán. Ẹ wọn ara páàdì nìkan, ẹ má ka irin ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ọn. Tuntun sábà máa ń jẹ́ mílímítà 10 sí 12. Tó bá ti kù 3, ó di pípààrọ̀. Tó bá kù 4 tàbí 5, tí ẹ sì fẹ́ gba Lọ́kọ́jà lọ sílé fún ọdún Kérésì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó kúrò ní Àbújá: ìrìn àjò pẹ̀lú ẹrù àti òkè kì í jẹ páàdì bí ìrìn ọ́fíìsì ṣe ń jẹ ẹ́.

Ẹ tún wo bí ó ṣe jẹ. Bí páàdì inú bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán tí ti ìta ṣì nípọn, píìnì kálípà ti gbẹ tàbí písítìn kò padà sẹ́yìn mọ́. Bí páàdì kan bá jẹ lọ́nà ìdagẹ̀rẹ̀, orí nípọn tí ìdí sì fẹ́lẹ́, ó há níbi tó jókòó sí. Páàdì tuntun tí ẹ bá fi síbẹ̀ láì tún ìdí rẹ̀ ṣe á jẹ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ó wá kan díìsì. Lára rẹ̀, bóyá ní etí tàbí ní ikùn àárín, ẹ ó rí lẹ́tà MIN TH pẹ̀lú nọ́ńbà, bíi MIN TH 26.0mm. Ìyẹn ni pé bí sísanra rẹ̀ bá ti wálẹ̀ dé mílímítà 26, ìgbà rẹ̀ ti pé. Ìpẹtà lè ti bò ó, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á. Bí ẹ kò bá rí i rárá lára díìsì tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, ìwé àtúnṣe ọkọ̀ náà máa ń kọ ọ́.

Irinṣẹ́ tó yẹ ni micrometer, èyí tó ń wọn sísanra dé ìdá kékeré nínú mílímítà. Vernier, irinṣẹ́ ìwọ̀n ẹlẹ́nu méjì tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì, lè ṣe é, àmọ́ ó máa ń purọ́ níbí tí ẹ kò bá ṣọ́ra, nítorí pé etí díìsì níbi tí páàdì kì í dé máa ń ga sókè, etí yẹn ni ẹnu vernier máa dì mú, á sì pe díìsì tó ti jẹ ní tuntun. Ọ̀nà àbáyọ rèé: ẹ mú owó ẹyọ méjì tó rí bákan náà, ẹ kọ́kọ́ wọn sísanra àwọn méjèèjì pọ̀, kí ẹ wá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ díìsì níbi tí páàdì ti ń há a, ẹ wọn gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, kí ẹ sì yọ sísanra owó kúrò. Bí àpapọ̀ bá jẹ́ 30.4 tí owó méjèèjì sì jẹ́ 3.6, díìsì yín jẹ́ 26.8. Ẹ ṣe é ní ojú 6 sí 8 yípo, ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó ń fa gbígbọ̀n kéré gan-an: bíi ìdá 2 nínú ìdá 100 mílímítà kan ti tó. Vernier kò lè fi dá yín lójú, micrometer ló lè rí i. Gbogbo ènìyàn máa ń sọ pé díìsì "ti ká" nítorí ooru. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọn kò nu ìpẹtà ojú họ́ọ̀bù, irin tí díìsì ń jókòó lé, kí wọ́n tó gbé díìsì lé e, tàbí wọ́n fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ yí nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ láì dọ́gba. Díìsì á jókòó wọ́, á máa yà díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bó ṣe ń yí, á máa kan páàdì lójú kan náà, lẹ́yìn bíi ẹgbẹ̀rún kìlómítà mélòó kan ojú yẹn á fẹ́lẹ́ ju ìyókù lọ. Ìdí nìyí tí díìsì tuntun fi ń gbọ̀n lẹ́yìn oṣù díẹ̀ nínú ọkọ̀ kan náà.

Kí la ó ṣe sí díìsì náà?

Bí ó bá fi mílímítà 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju MIN TH, tí ojú rẹ̀ dán, tí èékánná kò há sí ìlà ojú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà. Sáńpépà àti ìnùmọ́ ló nílò. Bí ó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan MIN TH, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ páàdì, nítorí páàdì tuntun á pẹ́ jù ú lọ, á sì máa ṣiṣẹ́ lórí díìsì tó ti kọjá ààlà. Bí ó bá sán, tí àbàwọ́n búlúù ooru wà lójú rẹ̀, tàbí tí ìpẹtà ti dí àwọn ihò afẹ́fẹ́ àárín rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ láì wo sísanra.

Àárín méjèèjì ni ọ̀rọ̀ lathe, ẹ̀rọ tó ń fá ojú irin, wà. Ní Apo, ẹ máa rí àwọn tó ń fá díìsì, owó wọn sì kéré sí ti díìsì tuntun. Ó dáa tí díìsì bá nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí yóò ṣì ga ju MIN TH lọ dáadáa lẹ́yìn fífá. Lórí ọkọ̀ kékeré bíi Corolla, ìrètí kì í pọ̀ níbẹ̀: láti tuntun dé MIN TH kò sábà ju mílímítà 2 tàbí 3 lọ, lathe tí kò mú dáadáa sì lè jẹ ìdajì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má fá díìsì ọkọ̀ kékeré àyàfi tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tuntun tí àpá kan sì bà á jẹ́. Ti Prado tàbí Hilux ṣeé gbìyànjú. Kí ẹ tó sanwó fún fífá, ẹ wọ̀n ọ́n lójú ẹni tó fá a.

Ohunkóhun tí ẹ bá ṣe sí apá ọ̀tún, ẹ ṣe é sí apá òsì. Díìsì méjì, páàdì mẹ́rin, iwájú pọ̀, ẹ̀yìn pọ̀. Ẹni tó bá pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ń kọ́ ọkọ̀ rẹ̀ láti máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nọ́ńbà ni kí ẹ fi rà á

"Camry 2008" kò tó. Tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá àti èyí tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Lárúbáwá lè jọra ní ojú kí bíréèkì wọn sì yàtọ̀, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 4 àti 6 náà sì lè yàtọ̀. Ẹ wo Corolla 2005: èyí tó ti Amẹ́ríkà wá ní nọ́ọ̀tì 5 lẹ́sẹ̀ kan, ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe fún ibòmíràn sì ní 4. Díìsì ti ọ̀kan ò lè wọ èkejì láéláé.

Ẹ wá nọ́ńbà ọkọ̀ oní-lẹ́tà 17 (VIN), tí ẹ máa rí nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú àti lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é: 1, 4 àti 5 ni Amẹ́ríkà, 2 ni Kánádà, J ni Japan. Nínú àwọn ti Amẹ́ríkà, ìkẹwàá ń sọ ọdún: 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Ó yẹ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ọdún tí wọ́n sọ fún yín nígbà tí ẹ ra ọkọ̀ lè máà jẹ́ ọdún rẹ̀.

Pẹ̀lú nọ́ńbà 17 yìí, ẹ lè wá nọ́ńbà páàtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì nínú kátálọ́ọ̀gì ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀. Ti Toyota, páàdì iwájú bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 04465, ti ẹ̀yìn 04466, díìsì iwájú 43512, díìsì ẹ̀yìn 42431. Ti Honda, páàdì iwájú jẹ́ 45022, ti ẹ̀yìn 43022, díìsì iwájú 45251. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé e ló ń ya ọkọ̀ kan sọ́tọ̀ sí òmíràn, nítorí náà ẹ kọ gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá máa ra ti ilé iṣẹ́ mìíràn, kátálọ́ọ̀gì wọn náà máa ń fi nọ́ńbà yìí wé tiwọn. Ẹ mú páàdì àti díìsì àtijọ́ dání lọ sí ọjà pẹ̀lú. Kí ẹ gbé díìsì méjèèjì síra: fífẹ̀, gíga ikùn àárín, ihò họ́ọ̀bù, iye ihò nọ́ọ̀tì. Tí ọ̀kan nínú wọn bá yàtọ̀, ẹ dá a padà, kódà bí ọlọ́jà bá ń búra pé "á wọ̀ ọ́".

Irú páàdì wo?

Mẹ́ta ló pọ̀ lọ́jà. Organic rọ̀, kì í pariwo, kì í jẹ díìsì, àmọ́ ó tètè ń tán, kò sì fẹ́ràn ooru tó pọ̀. Semi-metallic ní irin púpọ̀ nínú, ó lè gba ooru, ó dáa fún ẹrù àti òkè, àmọ́ ó ń pariwo díẹ̀, ó sì ń jẹ díìsì jù. Sèrámíìkì wà láàárín: ó dákẹ́, eruku rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dúdú lára rìmù, ó ń pẹ́, owó rẹ̀ sì ga.

Fún Corolla, Camry, Accord tàbí Elantra tó ń ti Nyanya tàbí Lugbe wọ ìlú láràárọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ ra sèrámíìkì tó dáa tàbí irú èyí tó bá ọkọ̀ wá. Fún Sienna tó ń kó èrò lọ Kàdúná, Hilux tó ń gbé ẹrù, tàbí ọkọ̀ tó ń lọ Jos déédéé, ẹ ra semi-metallic tó ní orúkọ. Díìsì tó ní ihò tàbí ìlà gbígbẹ́ lójú kò ní àǹfààní kankan fún ọkọ̀ ojoojúmọ́. Èyí tí wọ́n gbẹ́ ihò sí lójú lọ́nà olówó pọ́ọ́kú máa ń sán láti etí ihò náà. Èyí tó mọ́ lójú, tó ní ihò afẹ́fẹ́ láàárín, ni kí ẹ rà.

Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀pọ̀ páàdì tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ẹ máa rí lẹ́tà méjì tó tẹ̀léra ní ìparí ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni bí ó ṣe ń di díìsì mú nígbà tí ooru ò tíì pọ̀, èkejì ni nígbà tó bá gbóná gan-an. Ní ìwọ̀n bí ó ṣe ń dì mú yìí, E jẹ́ 0.25 sí 0.35, F jẹ́ 0.35 sí 0.45, G jẹ́ 0.45 sí 0.55. FF ló dáa fún ìlò wa. Bí ẹ bá rí FE, ẹ mọ̀ pé ó ń rẹ̀ ẹ́ bí ó bá gbóná. Lẹ́tà wọ̀nyí kò sọ bí yóò ṣe pẹ́ tó, kò sì sọ pé ó dára jù. Bí ó ṣe ń dì mú nìkan ló ń sọ.

Ti Yúróòpù ní àmì tiwọn: lẹ́tà E pẹ̀lú nọ́ńbà nínú róbótó, àti 90R lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òfin R90 sọ pé bí páàdì yẹn ṣe ń dá ọkọ̀ dúró kò gbọdọ̀ fi ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí èyí tó bá ọkọ̀ wá. Bí ẹ bá ní láti yan láàárín páàdì méjì tí ẹ kò mọ orúkọ wọn, èyí tó ní àmì yìí ni kí ẹ mú, tí ó bá jẹ́ pé ara irin rẹ̀ gan-an ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, tí kì í ṣe ara páàlí nìkan.

Ẹ gbé páàdì náà lọ́wọ́

Ọ̀rọ̀ "original", "grade one", "Taiwan" àti "Belgium" tí ẹ máa gbọ́ lọ́jà kò ju ẹnu lọ. Ẹ ṣí páàlí níbẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá délé.

Ẹ wo ìlà tí ara páàdì ti lẹ̀ mọ́ irin ẹ̀yìn. Kò gbọdọ̀ sí àlàfo, bó ti wù kó kéré tó, kí gọ́ọ̀mù má sì yọ jáde gọ́dọ́gọ́dọ́. Ẹ fi èékánná ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: tó bá ń hó bí ṣọ́ọ̀kì, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ kọjú páàdì méjì síra lórí pẹpẹ, kí ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Tí ìmọ́lẹ̀ bá gba àárín wọn jáde, irin ẹ̀yìn ti wọ́. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ dọ́gba ní sísanra, kí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára wọn sì bára mu. Lẹ́tà tó ń parẹ́ bí ẹ bá fi ìka tutù nù ún, tàbí orúkọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ṣi kọ, ti tó láti jáde nínú ṣọ́ọ̀bù náà.

Etí páàdì tó ń wọ inú irin ìdúró rẹ̀ ṣe pàtàkì jù. Ó yẹ kó rá wọlé pẹ̀lú ọwọ́ lásán, kó má sì mì jìgìjìgì. Bí ẹ bá rí i tí mẹ́káníìkì ń fi fáìlì rẹ́ etí náà kó tó wọlé, ẹ dá a dúró. Kí ó ha ọ̀dà tó nípọn kúrò lásán kò burú, àmọ́ rírẹ́ irin túmọ̀ sí pé páàdì yẹn kì í ṣe ti ọkọ̀ yín tàbí pé wọn kò ṣe é dáadáa. Á há, á gbóná, á sì jẹ díìsì.

Ti díìsì, ẹ fi ọwọ́ wọn ìwúwo rẹ̀ pẹ̀lú ti àtijọ́, kí ẹ rántí pé tuntun ló yẹ kó wúwo jù. Díìsì tuntun tó fúyẹ́ ju èyí tó ti jẹ lọ, wọ́n jí irin nínú rẹ̀. Ẹ wo ihò afẹ́fẹ́ àárín: kí iye irin tó dúró láàárín rẹ̀ sún mọ́ ti àtijọ́, kí sísanra awẹ́ inú àti ti ìta dọ́gba. Kí MIN TH wà lára rẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n bákan náà ní ojú mẹ́rin.

Díìsì tòkunbọ̀ ṣeé rà tí ó bá fi mílímítà 1.5 ó kéré tán ga ju MIN TH, tí kò sì sán. Páàdì tòkunbọ̀ kò ṣeé rà. Kò sí ẹni tó mọ ooru tó ti gbà tàbí ọ́ìlì tó ti kán sí i. Ẹ gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà páàtì, kí ẹ sì tọ́jú páàlí. Bí ó bá já sí ayédèrú, SON, tó ń mójú tó ìdárasí ọjà ní Nàìjíríà, ní ọ́fíìsì ní Àbújá tó ń gba ẹjọ́ irú rẹ̀, ẹjọ́ tí kò ní ẹ̀rí kì í sì lọ jìnnà.

Dídè é mọ́ ọkọ̀

Bí ẹ kò bá ṣe é fúnra yín, ẹ dúró ti ẹni tó ń ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí ó fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ eruku bíréèkì; kí ó fi omi ọṣẹ rin ín, kó nù ún. Àwọn páàdì àtijọ́ olówó pọ́ọ́kú kan lè ní asbestos nínú, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Bí kálípà bá ti tú, kí ó so ó kọ́ pẹ̀lú wáyà, kó má jẹ́ kó rọ̀ sórí họ́ọ̀sì. Kí ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ojú họ́ọ̀bù títí yóò fi dán. Bí ẹ bá gbójú fo gbogbo ìyókù, ẹ má gbójú fo èyí. Kí ó fọ òróró tí wọ́n fi pa díìsì tuntun kúrò pẹ̀lú omi gbígbóná àti ọṣẹ, tàbí ọṣẹ bíréèkì onísípréè, kó sì gbẹ. Bẹntiróòlù kọ́ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, ó lè gbiná, ó sì ń fi ọ̀rá sílẹ̀ lójú díìsì.

Kí ó yọ píìnì kálípà méjèèjì, kó nù wọ́n, kó sì fi gíríìsì sílíkóònù pa wọ́n. Gíríìsì ẹ́ńjìnnì ń mú kí rọ́bà wú, píìnì á sì há. Eruku ọyẹ́ láti oṣù kọkànlá dé oṣù kejì ń gbẹ píìnì ní apá ibí ju bó ṣe ń ṣe ní Èkó lọ, nítorí náà rọ́bà tó bá ti ya ní láti di tuntun. Kí ó ti písítìn padà díẹ̀díẹ̀, kó sì máa wo ike ọ́ìlì. Nínú àwọn ọkọ̀ tí bíréèkì ọwọ́ wà nínú kálípà ẹ̀yìn, yíyí ni wọ́n ń yí písítìn wọlé, a kì í fi ipá tì í. Ọkọ̀ tó ń lo bọ́tìnì fún bíréèkì ọwọ́ ní láti kọ́kọ́ wọ ipò àtúnṣe pẹ̀lú ẹ̀rọ ayẹ̀wò.

Tí ọ́ìlì bíréèkì bá ti dúdú tàbí tó ti lé ní ọdún méjì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ó ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, omi yẹn sì ń sọ ìwọ̀n ooru tó fi ń hó di kékeré: DOT ni wọ́n fi ń pe irú ọ́ìlì bíréèkì, DOT 3 tuntun kì í hó títí dé 205°C ó kéré tán, èyí tó ti fa omi lè hó ní 140°C. DOT 4 jẹ́ 230 àti 155. Ẹ lo èyí tó wà lára ìdérí ike, kí ẹ má sì pò ó mọ́ DOT 5.

Nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀: ẹ fi ọwọ́ yí gbogbo rẹ̀ wọlé, kí ẹ wá fi torque wrench, sípánà tó ń wọn agbára ìdì ní N·m, dì wọ́n ní ìkọjúsíra, kì í ṣe yípo. Corolla àti Camry jẹ́ 103 N·m, ọ̀pọ̀ Honda jẹ́ 108. Kí ẹ tó gbé ọkọ̀ kúrò, ẹ tẹ pẹ́dà léraléra títí yóò fi le. Tí ẹ bá gbàgbé èyí, ìtẹ̀ àkọ́kọ́ á lọ dé ilẹ̀ láìsí bíréèkì kankan.

Bí ẹ ṣe máa jẹ́ kí wọ́n mọ ara wọn

Páàdì gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ pa ojú díìsì ní dídọ́gba kó tó lè dì í mú dáadáa. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ní àárín ìlú ló dáa jù fún un, nígbà tí ọ̀nà ṣì dá. Ẹ sáré dé kìlómítà 50 ní wákàtí, ẹ tẹ bíréèkì níwọ̀ntúnwọ̀nsì títí dé bíi 10, ẹ má dúró pátápátá, ẹ tún sáré. Ẹ ṣe é nígbà 8 sí 10, kí ẹ fún un ní bíi ìdajì ìṣẹ́jú láàárín. Lẹ́yìn náà ẹ wà á fún bíi ìṣẹ́jú 10 láì fi bẹ́ẹ̀ tẹ bíréèkì. Tí ẹ bá dúró tí ẹ sì di pẹ́dà mú nígbà tó ṣì gbóná, àpá páàdì á lẹ̀ mọ́ ojú kan lára díìsì, gbígbọ̀n á sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Òórùn díẹ̀ kò burú, èéfín ni kí ẹ bẹ̀rù.

Fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má gbé ọkọ̀ náà lọ sí Hawan Kibo lọ́nà Jos tàbí kí ẹ fi ẹrù rìn ín ní òkè Mpape. Nígbà tí ẹ bá sì ń sọ irú òkè bẹ́ẹ̀ kalẹ̀, ẹ fi jíà sí 2 tàbí L kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, kí ẹ́ńjìnnì bá yín dì í mú, kí ẹ sì máa tẹ bíréèkì gírígírí kí ẹ sì fi sílẹ̀, kàkà kí ẹ gbé ẹsẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ tán, ẹ má yà sí ibi ìfọkọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: omi tútù lórí díìsì tó gbóná lè mú un sán. Ẹ jẹ́ kó tutù fún ìdajì wákàtí.

Lẹ́yìn kìlómítà 80 sí 100, ẹ tún fi torque wrench yẹ àwọn nọ́ọ̀tì wò. Ní kìlómítà 1,000, ẹ fi ọwọ́ kan rìmù iwájú méjèèjì lẹ́yìn ìrìn lásán láìsí òkè. Tí ọ̀kan bá gbóná ju èkejì lọ gidigidi, píìnì tàbí písítìn ẹ̀gbẹ́ yẹn ti há, kí ẹ sì tú u kí páàdì tuntun tó tán síbẹ̀.